Ṣé olú kìnnìún lè dá iyè ìyá mi padà?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 72 ni màmá mi, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, èmi wà ní Manchester. Láti bí ọdún kan ni wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n sì ti gbàgbé ìkòkò sórí iná lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ àti amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra olú tí wọ́n ń pè ní lion's mane ránṣẹ́ sí wọn, pé ó ń wo iyè ríra sàn. Ṣé òótọ́ ni? Èwo ni kí n rà, báwo ni wọn ó sì ṣe máa lò ó?"

Ìdáhùn: Rárá, kò wò ó sàn. Ẹni tó bá ní olú ń wo iyè ríra sàn, ọjà ló ń polówó. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òfo. Ìwádìí kéékèèké mélòó kan wà tó fi hàn pé ó lè ran ẹni tí iyè rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra lọ́wọ́ díẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń lò ó. Kò burú láti dán an wò. Ibi tó ti máa ń di wàhálà ni pé ìgò olú á dé, ọkàn gbogbo ará ilé á balẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa gbé màmá lọ fún àyẹ̀wò mọ́. Torí náà, a ó mú àyẹ̀wò ṣíwájú.

Àyẹ̀wò kó tó kan olú

Ohun tí ẹ ṣàlàyé yẹn kì í ṣe "àgbà ló dé" lásán. N'Íbàdàn gan-an ni wọ́n ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1992 ni àwọn dókítà bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun, Adesola Ogunniyi àti Oye Gureje, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àgbà Yorùbá wò ní àdúgbò Ìdíkàn. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbà tó ti pé 65 sókè tí iyè wọn ṣì pé, nǹkan bí 13 tàbí 14 ni àìsàn iyè ríra ń mú lọ́dún kan. Láàárín àwọn adúláwọ̀ Indianapolis, ó lé ní 32. Ẹ ò rí i pé ọ̀pọ̀ àgbà Ìbàdàn ló ń dàgbà láìṣarán. Bí iyè màmá yín bá ń ra, ó yẹ kí ẹnì kan wá ìdí rẹ̀.

Èyí tó jẹ wá lógún jù nínú lẹ́tà yín ni metformin. Ẹni tó bá ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, fítámì B12 ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀, torí oògùn náà kì í jẹ́ kí ìfun fa B12 inú oúnjẹ bó ṣe yẹ. Ìgbàgbé wà lára àmì rẹ̀. Ẹsẹ̀ á máa ta ṣìnṣìn tàbí kó kú, ara á máa rẹ ènìyàn, ẹsẹ̀ kò sì ní dúró dáadáa nílẹ̀ mọ́. B12 ṣeé tọ́jú: abẹ́rẹ́ wà, hóró wà, bí wọ́n bá sì tètè bẹ̀rẹ̀, iyè máa ń gbádùn sí i. Bí ó bá pẹ́ jù, ohun tó ti bàjẹ́ nínú iṣan lè má bọ̀ sípò mọ́. Ẹni tó bá wá jókòó fún oṣù mẹ́rin pé òun ń retí kí olú ṣiṣẹ́, oṣù mẹ́rin ìtọ́jú ló sọ nù yẹn. Kí wọ́n má kàn dá metformin dúró fúnra wọn o. Ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí ẹnì kan da gbogbo oògùn inú àpò màmá sórí tábìlì, kó ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn páálí kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí yín. Ẹ wò ó bóyá Piriton wà níbẹ̀, tàbí Phenergan, amitriptyline, Lexotan, Valium. Gbogbo wọn ló lè mú kí ọpọlọ àgbàlagbà dà bí èyí tí kùrukùru bò, ẹlòmíràn sì ti ń lo Piriton lálaalẹ́ fún ọdún mẹ́ta torí pé ó ń jẹ́ kí òun sùn. Ẹ wá glibenclamide tàbí glimepiride pẹ̀lú, torí wọ́n lè já ṣúgà wálẹ̀ jù láàárọ̀, kí ọ̀rọ̀ sì máa dàrú mọ́ màmá lójú. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ náà wà nínú ìṣírò, bí wọ́n tiẹ̀ ní ife kékeré ni.

Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá fà lè ṣe púpọ̀ nínú àyẹ̀wò tó kù: B12, TSH tó ń sọ bí thyroid ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣúgà, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, HIV àti syphilis. Ẹ má bínú sí dókítà tó bá béèrè fún méjì ìkẹyìn yẹn. Ó wà lára àyẹ̀wò tí wọ́n lè ṣe fún àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ ń ra. Etí náà ńkọ́? Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ ó rò pé ó gbàgbé ni. Ìbànújẹ́ ọkàn lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí ọ̀rẹ́ náà máa ń jọ ìgbàgbé. UCH ní ibi ìtọ́jú àwọn àgbà, Chief Tony Anenih Geriatric Centre. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Bí ìgbàgbé bá ṣàdédé le sí i láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, tí ọ̀rọ̀ ń dàrú pẹ̀lú ibà, tí ẹnu wọ́ tàbí ọwọ́ kan rọ, tàbí tí wọ́n ti ṣubú fi orí gbálẹ̀, ìbáà ti pé oṣù kan, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Ẹ̀jẹ̀ lè rọra máa jọ sínú agbárí lẹ́yìn ìṣubú, kó má hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ohun tí a mọ̀ nípa olú náà

Hericium erinaceus ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. A ó máa pè é ní olú kìnnìún níhìn-ín. Ara igi líle bíi oak àti beech ló ti ń hù ní Yúróòpù, Éṣíà àti Àríwá Amẹ́ríkà. Funfun ni, kò ní ìbòrí bí olú tiwa, bí irun gígùn ni ara rẹ̀ ṣe ń já wálẹ̀. Ní 1991, Hirokazu Kawagishi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan yọ èròjà tí wọ́n pè ní hericenone jáde lára olú náà. Ní 1994, wọ́n rí erinacine nínú òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí olú náà fi ń jẹ igi. Nínú abọ́ ìwádìí, àwọn èròjà yìí ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ṣe NGF púpọ̀ sí i, èyí tí ara fi ń tọ́jú iṣan. NGF yìí ni Rita Levi-Montalcini àti Stanley Cohen torí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Àmọ́ láti inú abọ́ dé inú orí ènìyàn, ọ̀nà jìn.

Ìwádìí tí àwọn ọlọ́jà ń tọ́ka sí jù ni ti 2009. Japan ni wọ́n ti ṣe é, fún 30 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 50 sí 80, tí iyè wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra díẹ̀. Àwọn kan ń lo hóró olú, àwọn tó kù ń lo hóró tí kò ní olú kankan nínú, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun. Hóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 250, mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, tó jẹ́ gíráàmù 3, fún ọ̀sẹ̀ 16. Máàkì ìdánwò iyè àwọn tó lo olú gòkè ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó gòkè ní ìkejìlá, ó gòkè ní ìkẹrìndínlógún. Nígbà tí wọ́n dá a dúró, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé, máàkì ti já wálẹ̀. Ibi tí àwọn ọlọ́jà kì í kà síta nìyẹn. Ilé iṣẹ́ Hokuto, tó ń gbin olú tà, ni àwọn olùwádìí kan nínú rẹ̀ ti wá. Ìyẹn kò sọ èsì náà di irọ́, ṣùgbọ́n 30 ènìyàn kéré.

Ní Taiwan, ní 2020, wọ́n tẹ èsì ìwádìí ọ̀sẹ̀ 49 jáde lórí àwọn tó ní àìsàn Alzheimer tó ṣì kéré. Kápúsù mẹ́ta lóòjọ́, mílígíráàmù 350 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ṣe láti ara òwú olú tí erinacine A pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó lò ó dára díẹ̀ nínú àwọn iṣẹ́ ojoojúmọ́; àwọn kan dá a dúró torí inú rírun, èébì tó ń gbé wọn tàbí ara yíyún. Ní 2023, Yunifásítì Northumbria fún àwọn ọ̀dọ́ 41 tí ara wọn le ní gíráàmù 1.8 lóòjọ́ fún ọjọ́ 28. Yàtọ̀ sí ìdánwò kan tí wọ́n yára ṣe ní wákàtí kan lẹ́yìn ìlò àkọ́kọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun gidi kan. Ẹ fi ọkàn sí i pé ìgbàgbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tàbí tó ṣì kéré ni wọ́n fi dán an wò. Ẹni tí kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́, kò sí ìwádìí tó fi hàn pé olú yìí ṣe é lóore.

Èwo ni kí ẹ rà

Orí olú gan-an tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná ni kí ẹ rà, torí òun ni wọ́n lò ní 2009. Wàhálà ọjà yìí ni pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń gbin òwú olú sórí ìrẹsì tàbí ọkà, wọn a sì lọ òwú àti ọkà pọ̀ láìyà wọ́n. Ọkà ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Ara ìgò, ẹ wá ọ̀rọ̀ "fruiting body", ìyẹn orí olú gan-an. Bí ẹ bá rí "mycelium on grain", "myceliated rice" tàbí "oats", ẹ dá a padà sórí káńtà. Beta-glucan, èròjà kan tó wà lára olú, ni nọ́ńbà tó wúlò lára lébẹ́ẹ̀lì. "Polysaccharides" nìkan kò sọ nǹkan kan, torí sítáàṣì ìrẹsì náà wà nínú rẹ̀. "Extract 8:1" tàbí "10:1", ìyẹn èròjà olú tí wọ́n yọ jáde tí wọ́n sì mú kó ki, yàtọ̀ sí ìyẹ̀fun lásán. Gíráàmù kan rẹ̀ kì í ṣe gíráàmù kan tiwa, kò sì rọrùn láti ṣírò rẹ̀ padà sí ti ìwádìí.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ po ààbọ̀ ṣíbí tíì ìyẹ̀fun náà mọ́ omi gbígbóná nínú ife funfun kékeré. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, torí iodine kì í fi àwọ̀ hàn dáadáa nínú omi gbígbóná. Ẹ kán iodine tí wọ́n ń lò sójú ọgbẹ́ sí i, ẹ̀kán mẹ́ta. Bó bá dúdú bí aró, sítáàṣì ló kún ibẹ̀: yálà ọkà tí wọ́n gbìn ín lé, tàbí sítáàṣì tí wọ́n fi dí i kó lè pọ̀. Bó bá dúró ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ọsàn, kò jọ pé ọkà pọ̀ níbẹ̀. Ẹ da ife náà nù, kí ẹnikẹ́ni má mu ún.

Ní UK, oúnjẹ ni òfin ka irú ọjà yìí sí, kì í ṣe oògùn. Òfin kò sì gba ẹni tó ń tà á láyè láti kọ ọ́ pé ó ń wo àìsàn sàn. Bí ẹ bá rí "cures dementia" lára ìgò, ẹni tó rú òfin ní gbangba bẹ́ẹ̀, ta ló mọ ohun tó kó sínú rẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ rà á n'Íbàdàn, kó wá nọ́ńbà NAFDAC, kó sì mọ̀ pé nọ́ńbà yẹn ń sọ pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀ ni, kò jẹ́rìí sí i pé ó ń dá iyè padà.

Bí wọn ó ṣe lò ó

Ọ̀sẹ̀ kìíní, gíráàmù 1 lóòjọ́, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, gíráàmù 1 láàárọ̀, 1 lálẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, 1 láàárọ̀, 1 lọ́sàn-án, 1 lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ 16 gbáko. Gbogbo rẹ̀ kò ju gíráàmù 360 lọ, ẹ má ra jù bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kápúsù mílígíráàmù 500, méjì ni gíráàmù kan. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré mọ́ ọn, torí ṣíbí kì í ṣe é dáadáa: ìyẹ̀fun ilé iṣẹ́ kan fúyẹ́, ti òmíràn le, ṣíbí tíì kan lè di gíráàmù méjì níbìkan, kó di mẹ́ta níbòmíràn. Ẹ lè wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá kéékèèké fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Ẹni tó ń gbàgbé lè gbàgbé pé òun ti lò ó, kó tún lò ó. Ọ̀rá tó ṣófo ni yóò jẹ́rìí.

Wọ́n lè pò ó mọ́ ògì gbígbóná, tàbí kí wọ́n dà á sínú ọbẹ̀ tó wà nínú àwo wọn. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni kí wọ́n má dà sẹ́nu, ó lè há wọn lọ́fun. Àgbàlagbà tí kápúsù ń há lọ́fun, ẹ tú u sínú ògì. Àgolò tó ní ìdérí líle ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Ọ̀rinrin òjò Ìbàdàn yára wọ inú rẹ̀. Bó bá ṣù pọ̀ tàbí tó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, ẹ dà á nù.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ B12 tàbí oògùn tuntun. Ìtọ́jú dókítà ni kó ṣíwájú, kí olú tẹ̀lé e lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Bí ẹ bá pa á pọ̀, tí ara yá, olú ni ẹ ó máa yìn fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Bí inú bá ń ṣí, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣe é. Metformin nìkan pàápàá máa ń ṣí inú.

Ìwé kékeré ló máa sọ òótọ́ fún yín. Ohun mẹ́jọ ni kí wọ́n kọ sí i: ṣé wọ́n lo oògùn àárọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan rán wọn létí, ṣé wọ́n pa gáàsì, ṣé wọ́n rántí ohun tí wọ́n jẹ lálẹ́ àná, ṣé wọ́n mọ ọjọ́ tí òní jẹ́, ṣé wọ́n rí kọ́kọ́rọ́ níbi tí wọ́n fi sí, ṣé ṣéńjì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ alátà pé, ṣé wọ́n lo odidi wákàtí kan láìtún ìbéèrè kan béèrè, ṣé wọ́n rántí ìpè yín ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí wọ́n bá dá a ṣe, 2. Bí wọ́n bá ràn wọ́n lọ́wọ́, 1. Bí kò bá ṣeé ṣe, 0. Ẹni tó ń bá wọn gbé ni kó máa kọ ọ́. Kí ẹ̀yin má kọ ọ́, ẹ dákun, torí ẹni tó náwó sí nǹkan kì í pẹ́ rí ohun tó fẹ́ rí. Kí wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn, kí olú tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Ìdí ẹ̀ẹ̀mẹta ni pé iyè a máa lọ, a máa bọ̀. Bí mẹ́ta yẹn bá jẹ́ 9, 11 àti 10, tí oṣù kẹta wá jẹ́ 11, kò sí ohun tó yí padà.

Ibi tó lè ti mú ewu wá

Lára ẹranko, olú yìí ń já ṣúgà wálẹ̀. Kí màmá máa wọn ṣúgà kí wọ́n tó jẹun láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún oṣù àkọ́kọ́. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀ 70 mg/dL, tó jẹ́ 3.9 lára mítà UK, kí wọ́n jẹ nǹkan tó ní ṣúgà kíá, kí wọ́n dá olú dúró, kí wọ́n pe dókítà. Nínú yàrá ìwádìí, hericenone B kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Nítorí náà, ẹni tó ń lo warfarin, rivaroxaban, clopidogrel tàbí aspirin, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án, kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ sì dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma) tàbí tí olú máa ń mú kí ara rẹ̀ yún, kó yẹra fún un. Bí ètè bá wú tàbí èémí ń há, ilé ìwòsàn ni.

Àwọn olú mìíràn

Wọn yóò tún fi kọfí Ganoderma lọ̀ yín, torí ó pọ̀ n'Íbàdàn. Kò sí ẹ̀rí gidi kan fún un lórí iyè. Kaféènì inú rẹ̀ lè gba oorun lójú àgbàlagbà, àìsùn á sì dá kún ìgbàgbé. Olú oyster tí àwọn àgbẹ̀ wa ń gbìn sínú ìyẹ̀fun igi ni ẹ bá rà dípò rẹ̀. Ní Singapore, àwọn olùwádìí rí i ní 2019 pé àwọn àgbà tó ń jẹ olú ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, nǹkan bí gíráàmù 150 lẹ́ẹ̀kan, ewu kí ìgbàgbé máa bá wọn jà fẹ́rẹ̀ẹ́ dínkù sí ìdajì ti àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Bóyá olú ló ṣe é, bóyá ẹni tó ń jẹ olú ló ń jẹ ẹ̀fọ́ tó sì ń rìn, ìwádìí yẹn kò lè sọ. Ọbẹ̀ olú ṣáà dùn, kò sì bá metformin jà.

Kí ẹnikẹ́ni má lọ wá olú kìnnìún nínú igbó Ìbàdàn, kò hù níbẹ̀, ohun tó bá sì jọ ọ́ lè jẹ́ májèlé. Ní ọ̀dọ̀ yín ní Britain, ó ń hù lóòótọ́ lára igi beech àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ti ṣọ̀wọ́n débi pé òfin 1981 tó ń dáàbò bo ohun ẹlẹ́mìí inú igbó kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti já a. Èyí tí wọ́n gbìn ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá rí i ní tútù, gíráàmù 30 rẹ̀ ló tó gíráàmù 3 gbígbẹ, torí omi ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Ẹ gé e pẹlẹbẹ, ẹ yan án nínú àwo gbígbẹ títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí ẹ tó ta epo sí i.